ORÍ BÍBẸ́ KỌ́ NI OÒGÙN ORÍ FÍFỌ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Páìpù Ìdọ̀tí Tó Ń Jò Nínú Ilé Tí Ènìyàn Ń Gbé

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ohun tí a sábà máa ń kà ni ọ̀rọ̀ oyè, ọ̀rọ̀ àṣà àti ọ̀rọ̀ èdè. Gbogbo rẹ̀ ló dára, a kò sì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí ni mo fẹ́ sọ, kí ẹnikẹ́ni má sì yínmú sí mi. Ilé tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń kán síni lórí, ta ni yóò jókòó sínú rẹ̀ kọ́ ọmọ ní oríkì?

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Mo ní: páìpù ìdọ̀tí tó ń jò nínú ilé tí ènìyàn ń gbé, ibi tó ti ń jò ni kí a tún ṣe, kí a tún un ṣe lásìkò, kí àwọn tó ń gbé inú ilé náà má sì tìtorí rẹ̀ di aláìnílé. Láńlọ́ọ̀dù tó bá ní àfi kí a fọ́ gbogbo ògiri, àfi kí ayálégbé kó ẹrù síta, nígbà púpọ̀ ohun mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Pọ́lọ́mbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kó tó wá ojú jíjò náà, yálà iṣẹ́ kò yé e, tàbí owó ńlá ló ń wá. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

OHUN TÍ OJÚ WA Ń RÍ

Sábọ́n Gàrí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Láti New Road títí dé Enugu Road, ilé àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ìdílé mẹ́wàá lè máa pín balùwẹ̀ méjì lò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni wọn kò kọ́ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi. Ẹ̀yìn ọ̀la ni wọ́n gbé e wọlé, tí wọ́n wá ń wá kọ̀rọ̀ tí páìpù yóò gbà sọ̀kalẹ̀. Òmíràn gba inú dẹ́kíǹ, òmíràn gba inú ògiri yàrá ẹlòmíràn, òmíràn gba orí sílíǹgì ilé ìdáná. Páìpù tó bá gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, kò sí bí kò ṣe ní jò lọ́jọ́ kan.

Bí jíjò náà bá bẹ̀rẹ̀, ìtàn kan náà ni. Ògiri yóò kọ́kọ́ hu funfun bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i, ọ̀dà yóò wú, yóò sì máa ṣí. Ayálégbé ìsàlẹ̀ yóò sọ fún kiatékà. Kiatékà yóò ní òun ti gbọ́. Oṣù mẹ́ta yóò kọjá. Ẹni ìsàlẹ̀ yóò gbé ike sábẹ́ ibi tó ń kán. Ẹni òkè yóò ní kì í ṣe omi tòun. Àwọn ìyá ilé tó ti ń pín ọbẹ̀ jẹ tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yan ara wọn lódì. Ìgbà tí òórùn bá dé ojú títì ni láńlọ́ọ̀dù yóò tó mú ẹnìkan wá tó gbé òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì dání. Ẹni yẹn yóò wo òkè, yóò wo ilẹ̀, yóò mi orí, yóò ní, "Alhaji, páìpù yìí ti kú. Ẹ jẹ́ ká fọ́ gbogbo rẹ̀ dànù." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìwé ti dé ẹnu ọ̀nà kálukú pé kí gbogbo ayálégbé kó jáde fún àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: irú àtúnṣe wo nìyẹn? Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ilé náà yóò ti kun ọ̀dà tuntun, táìsì yóò ti wọ balùwẹ̀, owó ilé yóò ti fò sókè, ayálégbé tuntun yóò sì ti wọlé. Ìdílé tó fi ọdún mẹ́jọ san owó ilé láìjẹ gbèsè yóò ti wà ní ìgbèríko, níbi tí àwọn ọmọ yóò ti máa wọ mọ́tò méjì lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá tó ń ta aṣọ ní iwájú ilé náà, àwọn oníbàárà rẹ̀ kò mọ ibi tó wọlé sí mọ́. Páìpù ìwọ̀n ínǹṣì mẹ́rin ló jò, ìdílé mẹ́wàá ló sì túká.

Fún àwa tí a wà nílẹ̀ onílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yàrá tí a ń gbé kì í ṣe yàrá lásán. Nítorí pé ó sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí wa, nítorí pé ó sún mọ́ ọjà, nítorí pé ará ilé wa wà ní ilé kejì, la ṣe dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá kó wa kúrò níbẹ̀ ti já okùn tó so wá pọ̀ mọ́ ara wa. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ páìpù fi di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́.

EWU TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má sì torí ohun tí mo sọ yìí rò pé mo ní kí a máa fara da jíjò. Rárá o. Omi ìdọ̀tí kì í ṣe ohun àfojúfò. Ní ọdún 2021, àrùn onígbáméjì jà ní Nàìjíríà débi pé àwọn tí a fura sí pé wọ́n ní in lé ní 111,000, àwọn tó sì bá a lọ lé ní 3,600. Bauchi, Kánò àti Jigawa wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó jà jù. Àrùn yìí, inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ kàn ló ti ń wọ ara ènìyàn.

Ẹ wo bí a ṣe ń rí omi ní Sábọ́n Gàrí. Ẹlòmíràn ń ra ti máírúwá, ẹlòmíràn ń fa ti kànga, ẹlòmíràn ń dúró de omi ìjọba tí kì í yọ lójoojúmọ́. Páìpù ìdọ̀tí tó bá ń jò sínú ilẹ̀ nítòsí kànga lè ba kànga náà jẹ́. Bákan náà, nígbà tí omi ìjọba kò bá sí nínú páìpù rẹ̀, agbára inú páìpù náà á wálẹ̀. Bí ó bá ní ojú kékeré kan níbi tí omi ìdọ̀tí ti rin ilẹ̀, ó lè fa omi ìdọ̀tí náà sínú ara rẹ̀. Ọjọ́ tí omi bá padà dé, inú ike wa ni yóò já sí.

Kí ẹ má sì rò pé ilé tálákà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2003, nígbà tí àrùn SARS ń jà, ó mú ènìyàn tó lé ní 300 nínú àwọn ilé gogoro kan tí wọ́n ń pè ní Amoy Gardens ní Hong Kong. Àwọn tó wádìí rẹ̀ rí i pé omi ti gbẹ nínú ìtẹ̀ páìpù ilẹ̀ ọ̀pọ̀ balùwẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ìkán omi ìdọ̀tí sì ráyè gba ibẹ̀ wọ inú ilé. Wọ́n tún rí páìpù kan tó sán. Ìtẹ̀ páìpù yẹn, tí àwọn pọ́lọ́mbà ń pè ní tírápù, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí omi díẹ̀ máa dúró sínú rẹ̀ nígbà gbogbo láti dènà òórùn àti àrùn. Balùwẹ̀ tí ẹ kò lò fún ọ̀sẹ̀ méjì ní àsìkò ọyẹ́, omi inú rẹ̀ lè gbẹ tán. Ife omi méjì tí a bá dà sí i ti tó láti tún un ṣe. Òórùn tí ẹlòmíràn torí rẹ̀ fọ́ ilẹ̀ balùwẹ̀, ife omi méjì ni oògùn rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE LÁÌFỌ́ ILÉ

Èkíní, kí a mọ ohun tó ń jò. Kì í ṣe gbogbo ògiri tó tutù ni ọ̀ràn rẹ̀ kan páìpù ìdọ̀tí. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà òjò nìkan ló ń jò, òrùlé ni kí ẹ wò. Bí ó bá ń kán tọ̀sán-tòru, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kan omi, páìpù tó ń gbé omi wá láti táńkì ni. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹnìkan wẹ̀ tàbí tó da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń kán, tó sì ń dáwọ́ dúró lẹ́yìn náà, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó di ẹjọ́ ru páìpù ìdọ̀tí.

Láti mọ ojú ibi gan-an, búlúù tí àwọn ìyá wa fi ń fọ aṣọ funfun ti tó. Kí gbogbo ilé dáwọ́ omi lílò dúró fún wákàtí díẹ̀ kí ibẹ̀ gbẹ. Ẹ po búlúù mọ́ omi nínú báágẹ̀tì, ẹ dà á sí ihò ilẹ̀ balùwẹ̀ nìkan, kí ẹnìkan dúró nísàlẹ̀ máa wò. Bí kò bá yọ, ẹ dà á sí ibi ìfọwọ́. Bí kò bá yọ, ẹ dà á sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èyí tó bá yọ búlúù nísàlẹ̀ ni ọ̀daràn. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, owó rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì, yóò sì parí ìjà tó wà láàárín ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀.

Èkejì, kí a kọ́kọ́ la páìpù náà. Páìpù ìdọ̀tí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kì í kún. Omi kàn ń gba ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ni. Ìgbà tó bá dí nísàlẹ̀ ni omi yóò máa gun òkè nínú rẹ̀, tí yóò sì máa fi ipá wá ojú tí yóò gbà jáde. Páìpù tí omi kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, gbogbo ìwúwo omi yẹn ló wà lórí oríkèé tó wà nísàlẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ títí, bí ẹ kò bá la ìdí rẹ̀, yóò tún jò. Kí a ṣí ṣáḿbà, kí a fi ọ̀pá gún un, kí a wò ó bóyá sókàwéè ti kún.

Ẹ̀kẹta, kí a tún ojú ibi náà ṣe. Bí ó bá jẹ́ oríkèé ló ṣí, kí a gbẹ́ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, kí a nù ún gbẹ, kí a fi sáńpépà ha á, kí a tó fi gọ́ọ̀mù tuntun sí i. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n kàn kùn sí ẹ̀yìn páìpù tó tutù, tí ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, kò lè mú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pọ́lọ́mbà ti ń ba iṣẹ́ jẹ́, tí wọ́n á tún padà wá sọ pé páìpù ti kú.

Bí páìpù fúnra rẹ̀ bá sán, kí a gé àjákù páìpù tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tiẹ̀ mu, kí a là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni la ìfun, kí a kun gọ́ọ̀mù sí inú rẹ̀ àti sí ara páìpù náà, kí a fi há ibi tó sán, kí a sì fi wáyà dì í títí yóò fi gbẹ. Bí ibi tó bàjẹ́ bá gùn díẹ̀, kí a fi ayùn gé ibẹ̀ nìkan kúrò, kí a fi páìpù tuntun dí àlàfo náà pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ha ìlà àárín inú rẹ̀ kúrò yóò yọ́ gòkè lára páìpù, yóò sì tún yọ́ wálẹ̀ sí àyè rẹ̀, tó fi jẹ́ pé a kò nílò láti mi apá yòókù rárá. Fún páìpù onírin, àmọ̀ alápòpọ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní epoxy wà ní ọjà. A ó po ó bí ẹni po ẹ̀bà, a ó fi dí ojú náà, yóò sì le bí òkúta.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá wà nínú ògiri tàbí nínú dẹ́kíǹ, kí a ṣí ojú fèrèsé kékeré kan síbi tí búlúù ti fi hàn, kí a tún un ṣe, kí a sì fi pákó onískúrù bo ojú náà dípò sìmẹ́ǹtì, kí ẹni tí yóò wá lọ́jọ́ mìíràn má baà tún fọ́ nǹkan. Bí páìpù inú ògiri náà bá ti bàjẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ sínú ògiri níbẹ̀, ẹ ti ojú rẹ̀ pa, kí ẹ gbé páìpù tuntun gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ṣáḿbà. Kí wọ́n to ti ẹ̀yìn ilé tán pátápátá nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń lo ti àtijọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n yí i padà ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, wákàtí díẹ̀ ni ó ń gbà. Kí a fi tó gbogbo ilé létí lálẹ́ ọjọ́ kejì pé láago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, kí kálukú ti wẹ̀, kí ó ti fọ abọ́. Kí a so balùwẹ̀ òkè pa. Kí a gba àyè lọ́dọ̀ ará ilé kejì fún àwọn àgbàlagbà, kí a gbé póò fún àwọn ọmọdé. Kí iṣẹ́ parí kí oòrùn tó wọ̀, kí gọ́ọ̀mù fi òru gbẹ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ilé ti padà sípò. Ẹrù ta ni ó jáde? Kò sí.

Àwọn tó ní ìlú ńláńlá gan-an ti rí i pé fífọ́ kọ́ ni ọ̀nà. Ní ọdún 1971 ní London, ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ Eric Wood ki ọ̀rá aláṣọ tí wọ́n rẹ sínú oje tó ń le bọ inú kòtò ìdọ̀tí àtijọ́ kan, tí oje náà fi le mọ́ ọn nínú, tó sì di páìpù tuntun nínú páìpù àtijọ́ láìgbẹ́ títì. Láti ìgbà náà, ọ̀nà yìí ti tàn ká ayé. Ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́nwó, n kò sì ní kí láńlọ́ọ̀dù yàrá mẹ́wàá lọ wá a. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí àwọn tó lówó tó fi lè fọ́ gbogbo títì bá sá fún fífọ́, kí ló dé tí àwa tí kò ní fi yára gbé òòlù?

ÀWÍJÀRE ÀWỌN ONÍLÉ

Àwọn onílé kan yóò ní, "Lílẹ̀ kì í pẹ́, owó méjì ni." Èsì mi rèé. Lílẹ̀ tí kì í pẹ́ ni ti rọ́bà tùúbù kẹ̀kẹ́ àti ọ̀rá tí wọ́n fi di páìpù. Èmi náà kò fara mọ́ ọn. Àmọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lẹ̀ dáadáa, ohun èlò kan náà àti gọ́ọ̀mù kan náà tí wọ́n fi to páìpù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Bí ti àkọ́kọ́ bá lo ogún ọdún, kí ló dé tí tuntun kò fi ní pẹ́?

Àwọn mìíràn yóò ní, "Ilé mi ni, ohun tó wù mí ni mo lè ṣe." Ilé yín ni lóòótọ́, ẹ̀yin bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó san owó ọdún kan ti ra àlàáfíà ọdún kan. Òfin kò sì fún onílé láṣẹ láti fi agbára lé ayálégbé síta. Ìwé ìkìlọ̀ ní iye ọjọ́ tó yẹ ni, lẹ́yìn rẹ̀ kóòtù. Páìpù tó ń jò kò gba iṣẹ́ kóòtù ṣe.

Òtítọ́ ni pé ìgbà kan wà tí páṣípààrọ̀ ni ọ̀nà. Bí páìpù bá ti wó pẹrẹsẹ lábẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti tò ó láìdagẹ̀rẹ̀ tó fi jẹ́ pé omi ń padà sẹ́yìn. Bí páìpù onírin bá ti jẹrà láti òkè délẹ̀, tó jẹ́ pé bí a ṣe ń dí ọ̀kan ni òmíràn ń ṣí. Lílẹ̀ kò ní ràn án. Bí ó bá jẹ́ páìpù asbestos ti ayé àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ayùn gé e ní gbígbẹ, nítorí eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ gba ẹ̀yìn ilé. Bí omi bá sì ti rin dẹ́kíǹ títí tí irin inú rẹ̀ fi yọ síta, tí sìmẹ́ǹtì ń já bọ́, ilé náà fúnra rẹ̀ ló wá di ewu. Kí àwọn ènìyàn jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnjiníà wá wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i: jíjò kékeré tí wọn kò tún ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ló di ewu ńlá yìí. Ẹni tó ṣe ìmẹ́lẹ́ ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Bí kíkójáde bá pọn dandan, kí onílé kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, pé àwọn ayálégbé náà ni yóò padà síbẹ̀, ní iye owó kan náà tí wọ́n ti san.

Ẹ̀YIN AYÁLÉGBÉ, Ó KÀN YÍN

Mo ti bá onílé wí, ó kù sọ́wọ́ wa. Ta ní ń da epo àyàkù sí ibi ìfọbọ́? Ta ní ń ju páàdì, dáyápà ọmọ àti ọ̀rá omi sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ta ní ń fi egungun ẹran ránṣẹ́ sí gọ́tà? Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń dí páìpù, dídí ló sì ń bí jíjò. Ásíìdì tí ẹlòmíràn ń dà sí i kí ó lè là, ó ń jẹ páìpù onírin, ó sì lè bó ọwọ́ pọ́lọ́mbà tí yóò wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a máa ń dákẹ́ jù. A ó ní kì í ṣe ilé bàbá wa. Bí ara ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọjọ́ tí ògiri bá kọ́kọ́ wú ni kí a kọ ìwé sí onílé, kí a fi déètì sí i, kí a tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́ lọ́la, ìwé yẹn ni ẹlẹ́rìí wa.

ILÉ TÍ A KỌ́ SÍLÉ

Ibi tó dùn mí jù ni mo fẹ́ fi kádìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó jẹ́ ayálégbé ní Kánò, láńlọ́ọ̀dù ni wá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀ffà, ní Ìlọrin àti ní Ìbàdàn. A fi òógùn ojú wa kọ́lé sílé, a fi ayálégbé síbẹ̀, a fi àbúrò ṣe kiatékà. Ayálégbé yẹn náà ń pè wá lórí fóònù pé páìpù ń jò. Kí ni a ń wí fún un? "Tí mo bá wálé lọ́dún." Ọdún dé, a wálé, a ra ẹran, a ná owó, a padà, páìpù ṣì ń jò. Nígbà tó bá bàjẹ́ tán, àwa náà a ní kí wọ́n kó jáde.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí a kò fẹ́ kí Alhaji ṣe sí wa ní Sábọ́n Gàrí, ẹ má jẹ́ ká máa ṣe é sí ọmọ ẹlòmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Owó tí a ń ná lórí aṣọ ẹbí kan ṣoṣo ti pọ̀ ju owó sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, gọ́ọ̀mù kan àti iṣẹ́ pọ́lọ́mbà lọ.

OHUN TÍ MO FI SÍWÁJÚ ẸGBẸ́

Mo rọ ẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n ṣe nǹkan mẹ́ta kí a tó tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn pọ́lọ́mbà wa tí iṣẹ́ wọn dán mọ́rán jọ, kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹnikẹ́ni lè bèèrè. Kí ìgbìmọ̀ tó ń parí ìjà tọkọtaya máa gbọ́ ẹjọ́ páìpù láàárín onílé àti ayálégbé pẹ̀lú, kí ó tó di ìwé ìlélé. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ onílé, ní ìhín àti nílé, ṣe ìlérí níwájú gbogbo wa pé òun kò ní fi jíjò lé ẹnikẹ́ni jáde nílé láìjẹ́ pé òun ti kọ́kọ́ wá ojú jíjò náà.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, àmọ́ omi tó mọ́ ni òwe yẹn ń bá wí, kì í ṣe omi ìdọ̀tí. Ẹ jẹ́ ká tún ilé wa ṣe nígbà tí a wà nínú rẹ̀. Ilé kò ní lé wa, ilé kò ní wó mọ́ wa, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a forí ṣá kiri nílẹ̀ àjèjì. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.